Omi Lẹ́yìn Kọ́bọ́ọ̀dù: Ìbéèrè Onílé Tuntun Lórí Àtúnṣe Ilé Ìdáná Àtijọ́

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin olùdáhùn wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí èmi àti ìyàwó mi ti ń háyà ilé gbé, a ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé tiwa fún ìgbà àkọ́kọ́. Ilé náà dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ilé ìdáná rẹ̀ ti pẹ́ jù. Àwọn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ ti wọ́, sọ́kẹ́ẹ̀tì iná kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, gílóòbù tó wà láàárín àjà kò sì mọ́lẹ̀ dé orí kọ́ńtà, tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá ń gé nǹkan yóò máa fi òjìji ara rẹ̀ bo ọwọ́ ara rẹ̀. A pe agbaṣẹ́ṣe kan, ó ya àwòrán tó wù wá. Ó ní kí a wó ògiri tó wà láàárín ilé ìdáná àti pálọ̀, kí a kó gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù àtijọ́ dànù, kí a lẹ táìsì tuntun, pé kò ní pẹ́ tí iṣẹ́ náà yóò fi parí. A ti san apá kan nínú owó kọ́bọ́ọ̀dù tuntun.

Ọjọ́ tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn àti pákó ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù abẹ́ síǹkì ni ọ̀rọ̀ yí padà. Pákó náà ti dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ rọ̀ débi pé ìka ń wọ inú rẹ̀, ògiri ibẹ̀ tutù, páìpù irin tó yọ jáde láti inú ògiri náà sì ti dógùn-ún. Agbaṣẹ́ṣe ní kí a má da ara wa láàmú, pé tí wọ́n bá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, tí kọ́bọ́ọ̀dù tuntun sì bò ó, a ò ní rí i mọ́. Ìyàwó mi gbà pẹ̀lú rẹ̀, nítorí ó ti sú u láti máa dáná ní yàrá, owó ọwọ́ wa náà kò sì tó bí a ṣe rò. Èmi ni mo ní kí iṣẹ́ dúró ná. Ṣé mo jàre? Ṣé ó yẹ kí a wó ògiri pálọ̀ náà? Àwọn kọ́bọ́ọ̀dù òkè ṣì le gbagidi, ṣé dandan ni kí a kó wọn dànù? Báwo ni a sì ṣe lè ṣètò owó tó kù, kí ó má baà tán kí iṣẹ́ tó parí?

Onílé Tuntun

ÌDÁHÙN

Ẹ kú oríire ilé tuntun, ẹ sì kú ìnira iṣẹ́. Ẹ jàre, kí iṣẹ́ náà dúró. Ohun tí agbaṣẹ́ṣe yín ní ẹ ò ní rí mọ́ yẹn ni ẹ óò tún padà fojú rí. Nígbà náà, kọ́bọ́ọ̀dù tuntun yóò ti gba ibẹ̀, táìsì yóò ti wà lára ògiri, ẹ óò sì wá máa sanwó láti tú ohun tó wà ní ṣíṣí sílẹ̀ lónìí. Mi ò dá ìyàwó yín lẹ́bi o. Ẹni tó bá ti ń dáná ní yàrá, tó sì ń fọ abọ́ ní balùwẹ̀, kò sí bí kò ṣe ní fẹ́ kí wọ́n tètè bo ohun gbogbo. Ṣùgbọ́n nínú àtúnṣe ilé ìdáná, ohun tí ojú kò ní rí mọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ parí, òun náà ni ó sì yẹ kí a kọ́kọ́ náwó lé, nítorí ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù ṣeé pààrọ̀ nígbàkígbà, ṣùgbọ́n kò sí bí a ṣe lè dé ibi tí páìpù àti wáyà inú ògiri wà láìfọ́ nǹkan.

Kí pọ́ńbà tó dé, ẹ lè fúnra yín mọ ibi tí omi náà ti ń wá. Ẹ ti gbogbo ẹ̀rọ omi inú ilé, kí ẹnikẹ́ni má fọ nǹkan, kí ẹ wá lọ wo mítà omi bí ilé yín bá ní in. Bí ọwọ́ mítà náà bá ṣì ń yí nígbà tí kò sí ẹni tó ń lo omi, páìpù tó ń gbé omi wọlé ló ń jò, tọ̀sán-tòru ni ó sì ń jò. Bí kò bá yí, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nu páìpù abẹ́ síǹkì àti gbogbo oríkèé rẹ̀, ẹ tẹ́ ìwé pẹlẹbẹ sábẹ́ wọn, ẹ dí ihò síǹkì, ẹ jẹ́ kí omi kún un dé ìdajì, kí ẹ sì tú u sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oríkèé tó ti yọ̀ díẹ̀ lè má jò rárá bí omi bá ń ṣàn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, àmọ́ bí omi púpọ̀ bá já wọ inú rẹ̀ lójijì, yóò ta sílẹ̀, ìwé náà yóò sì fi ojú ibẹ̀ hàn yín. Bí ìwé bá ṣì gbẹ, ẹ da omi díẹ̀ yí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ omi àti etí síǹkì ká, nítorí ọ̀pọ̀ pákó tó jẹrà lábẹ́ síǹkì, láti òkè ni omi ti ń yọ́ wọ inú rẹ̀, ní ibi tí gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí etí síǹkì ti gbẹ tó sì ti là.

Ibi yòówù kí omi náà ti máa wá, ẹ má ṣe jẹ́ kí wọ́n lẹ nǹkan mọ́ páìpù irin tó ti dógùn-ún yẹn lásán. Kí wọ́n yọ ọ́ ni. Irú páìpù àtijọ́ bẹ́ẹ̀ máa ń dógùn-ún láti inú wá síta, ìpẹtà a sì máa di ihò rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀kan lára ìdí tí omi kì í fi í yára sáré nínú ẹ̀rọ omi ilé àtijọ́. Bí apá kan páìpù irin bá ní láti ṣẹ́kù nínú ilé, kí wọ́n má ṣe so páìpù bàbà mọ́ ọn tààrà láìsí ìsopọ̀ tó yẹ láàárín wọn, nítorí níbi tí irin àti bàbà bá ti fara kanra nínú omi, irin ni yóò jẹ tán. Páìpù tó ń gbé omi ìdọ̀tí jáde ní tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ ní nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ ní kí wọ́n fi kọ́ọ̀kì tí ẹ lè fọwọ́ tì sí abẹ́ síǹkì, kí ẹ má baà máa ti omi gbogbo ilé pa nítorí ẹ̀rọ omi kan ṣoṣo. Kí wọ́n tó rẹ́ ògiri, kí wọ́n ti omi sínú páìpù tuntun náà pẹ̀lú agbára, kí wọ́n sì fi ìwọ̀n hàn yín pé agbára náà kò lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn èyí, ẹ na téèpù láti igun ògiri dé ibi tí páìpù kọ̀ọ̀kan wà, kí ẹ fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ pẹ̀lú téèpù náà lára, nítorí ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹnìkan yóò fẹ́ lu ògiri yẹn láti fi nǹkan kọ́.

Ògiri náà gbọ́dọ̀ gbẹ kí ohunkóhun tó bò ó. Ẹ má fi ọwọ́ lásán dán an wò, nítorí ojú ògiri máa ń gbẹ nígbà tí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ẹ gé nylon tó mọ́ gaara, ẹ fi gọ́ọ̀mù-téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kí ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ìrì bá sẹ̀ sí ẹ̀yìn nylon náà, ẹ ṣe sùúrù sí i. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í fẹ́ dúró de èyí. Ẹ dúró dè é.

Nígbà tí ògiri ṣì wà ní ṣíṣí yìí náà ni kí oníṣẹ́ iná wọlé. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan fún gbogbo ilé ìdáná kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbàlódé rárá, ọ̀rọ̀ ewu ni, torí kẹ́tùlù iná nìkan lè fa láti kìlówáàtì 1.5 dé 3, bí ẹ bá sì so ohun mìíràn mọ́ ojú kan náà pẹ̀lú ẹ̀rọ àfikún, wáyà inú ògiri yóò máa gbóná níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní rí i. Kí ohun tó ń fa iná púpọ̀ ní wáyà tirẹ̀ láti ibi tí iná ti ń wọlé. Kí gbogbo sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí omi sì wà lábẹ́ ẹ̀rọ ààbò tó ń já iná fúnra rẹ̀ bí iná bá ń jò. Ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, èyí tó ń já bí iná tó ń jò bá tó mílíáńpíà 30 ni wọ́n ń lò, ti Amẹ́ríkà sì máa ń já ní nǹkan bí 5. Òjìji tí ẹ sọ̀rọ̀ rẹ̀, gílóòbù tó tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè lé e lọ, nítorí ẹ̀yìn ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ni ìmọ́lẹ̀ náà ti ń wá. Abẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù òkè ni kí ẹ fi iná sí, kí ó máa tàn tààrà sórí kọ́ńtà, wáyà rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ti wà nínú ògiri kí wọ́n tó rẹ́ ẹ.

Ní ti kọ́bọ́ọ̀dù tí ẹ ti san owó rẹ̀, ẹ ké sí àwọn tó ń ṣe é lónìí yìí, kí wọ́n má tíì gé pákó. Orí táìsì àtijọ́ ni wọ́n ti wọn ògiri yín, bí wọ́n bá sì yọ táìsì náà tí wọ́n tún ògiri rẹ́, ìwọ̀n yẹn lè yàtọ̀ ní sẹ̀ǹtímítà kan tàbí méjì, èyí tó tó láti mú kí dúrọ́ọ̀ kan máa họ ògiri títí ayé. Lẹ́yìn tí ògiri bá ti gbẹ tán ni ìwọ̀n gidi. Ẹ béèrè irú pákó tí wọ́n fẹ́ lò pẹ̀lú. Èyí tí wọ́n fi ẹ̀rún igi àti gọ́ọ̀mù tẹ̀ pọ̀ máa ń wú bí omi bá kàn án, kì í sì í padà sí bó ṣe wà. Èyí tí wọ́n fi ìpele igi tínínrín-tínínrín lẹ̀ mọ́ra gbà á mọ́ra jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà, bí owó kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ẹ lò ó fún abẹ́ síǹkì, kí ẹ lo ti àkọ́kọ́ níbi gbígbẹ.

Ẹ má kó àwọn kọ́bọ́ọ̀dù òkè dànù. Bí àpótí wọn bá ṣì dúró gírígírí lára ògiri, tí ìgun wọn kò yẹ̀, ilẹ̀kùn tuntun àti ìdè ilẹ̀kùn tuntun ti tó, kí àwọ̀ wọn lè bá ti ìsàlẹ̀ mu. Ìsàlẹ̀ gan-an ni kí ẹ náwó sí, kí ẹ sì fi dúrọ́ọ̀ síbẹ̀ dípò ilẹ̀kùn, nítorí bí a bá fa dúrọ́ọ̀ síta, a ó rí ohun tó wà ní ìkangun rẹ̀ láìkúnlẹ̀. Gíga kọ́ńtà tó wọ́pọ̀ jẹ́ nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 90, ṣùgbọ́n àwọn tó ń ta á kò mọ ẹni tó fẹ́ lò ó. Kí ẹni tó ń dáná jù nínú yín dúró ṣánṣán, kí ó ṣẹ́ apá, kí ẹ wọn láti ìgúnpá rẹ̀ dé ilẹ̀, kí ẹ yọ sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 kúrò. Ibẹ̀ ni ẹ̀yìn kò ti ní máa dun ẹni náà.

Ọ̀rọ̀ ògiri pálọ̀ wá kù. Ẹnikẹ́ni tó bá kàn fi ọwọ́ lu ògiri tó sì sọ pé kò gbé nǹkan kan, ẹ má gbà á gbọ́. Ògiri kan lè dún bí èyí tó ṣófo, síbẹ̀ kí ó jẹ́ pé òun ló gbé àwọn igi àjà tàbí ògiri òkè dúró. Onímọ̀ ìkọ́lé tó lè kọ ìwé fún yín, tó sì lè ṣírò irin tàbí ìtì tí yóò gba ẹrù náà, nìkan ló lè sọ ọ́, ó sì di dandan kí ẹ béèrè lọ́dọ̀ ọ́fíìsì tó ń rí sí ìkọ́lé ní àdúgbò yín bóyá ẹ nílò ìwé àṣẹ. Ká tilẹ̀ ní kò gbé nǹkan kan, èrò tèmi ni pé kí ẹ fi í sílẹ̀ ná. Bí ògiri bá lọ, ibi tí ẹ ń kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù sí lọ pẹ̀lú rẹ̀, èéfín àti ariwo abọ́ a sì máa bá àlejò yín jókòó ní pálọ̀. Ilé ìdáná kékeré kò burú bí àwọn tó ń ya àwòrán ṣe máa ń sọ ọ́. Ní 1926, Margarete Schütte-Lihotzky, ayàwòrán ilé ará Austria, ṣètò ilé ìdáná kan fún àwọn ilé tuntun ní ìlú Frankfurt ní Jámánì, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí mítà 1.9 ní fífẹ̀ àti mítà 3.4 ní gígùn lọ, nítorí ó ro bí ìṣísẹ̀ ẹni tó ń dáná yóò ṣe kéré tó. Nǹkan bí 10,000 irú rẹ̀ ni wọ́n kọ́. Ní àwọn ọdún 1940, Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà náà ṣiṣẹ́ lórí ìrìn láàárín síǹkì, ààrò àti fíríìjì, ìlànà tí àwọn oníṣẹ́ sì ń tẹ̀ lé títí di òní ni pé kí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan láàárín wọn wà láti mítà 1.2 dé 2.7, kí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ má sì ju nǹkan bí mítà 8 lọ. Ẹ fi téèpù wọn tiyín. Bí ó bá bọ́ sáàárín ìwọ̀n yìí, tí ọ̀nà tí ẹ ń gbà kọjá sì tó mítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ògiri kọ́ ni ìṣòro yín.

Ẹ ò sọ nǹkan kan nípa ilẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kìlọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn táìsì ilẹ̀ onírọ́bà àtijọ́ àti gọ́ọ̀mù dúdú abẹ́ wọn lè ní asbestos nínú, ìyẹn òkúta onífọ́nrán bí òwú tí eruku rẹ̀ ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́, ojú lásán kò sì lè dá a mọ̀. Ní 1999 ni Britain fòfin de èyí tó kù nínú oríṣi rẹ̀, nítorí náà ilé tó bá ti pẹ́ jùyẹn lọ yẹ fún ìfura. Bí ilẹ̀ náà bá ṣì lẹ̀ dáadáa, ẹ má ha á, ẹ má sì fi ẹ̀rọ lọ̀ ọ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mú díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, tàbí kí wọ́n tẹ́ ilẹ̀ tuntun lé e lórí. Ìkìlọ̀ kan náà ni fún ọ̀dà àtijọ́ tó ń bó, nítorí òjé tó wà nínú irú ọ̀dà bẹ́ẹ̀, èyí tí Amẹ́ríkà fòfin dè fún ilé gbígbé ní 1978. Eruku rẹ̀ kò dára fún ọmọdé rárá.

Nípa owó, ẹ pín ohun tó kù lọ́wọ́ yín báyìí kí ẹ tó tún ná kọ́bọ̀ kan. Ẹ yọ ìdá 15 sí 20 nínú ọgọ́rùn-ún sọ́tọ̀ fún ohun tí ògiri yòókù lè tú jáde, nítorí nínú ilé àtijọ́, ohun tí ẹ rí lábẹ́ síǹkì kì í sábà dá wà. Lẹ́yìn náà, omi, iná àti ògiri ni kí ẹ parí, kọ́bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀ àti kọ́ńtà tẹ̀ lé e, táìsì ara ògiri àti ilẹ̀kùn òkè sì lè dúró di ọdún tó ń bọ̀ láìṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe, ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀: iṣẹ́ wo, irú páìpù wo, irú pákó wo, ta ni yóò kó ìdọ̀tí dànù. Kí sísan owó máa tẹ̀ lé iṣẹ́ tó parí, kì í ṣe ọjọ́ tó kọjá, kí ìdá 10 tó kẹ́yìn sì wà lọ́wọ́ yín títí gbogbo ilẹ̀kùn yóò fi máa pa dé, tí síǹkì yóò sì fi gbé omi kíkún láìjò. Ṣé ẹni tó ní kí ẹ fi sìmẹ́ńtì bo ògiri tó tutù ni kí ẹ bá ṣe é lọ? Bí ó bá kọ̀ láti fọwọ́ sí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ ti rí ìdáhùn ìbéèrè yìí.

Kí iṣẹ́ tó tún bẹ̀rẹ̀, ẹ wá nǹkan ṣe sí ìnira ìyàwó yín. Ẹ gbé tábìlì kan, ààrò kékeré kan àti fíríìjì sí ibi kan ṣoṣo nítòsí omi, ẹ ta nylon nípọn bo ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná láti òkè dé ilẹ̀ kí eruku má baà bá yín dé orí ibùsùn. Sùúrù ẹni tó rí ibi dáná sí máa ń gùn jù.

ÌBÉÈRÈ KEJÌ

Ẹ̀yin ọ̀gá mi, a tún ilé ìdáná wa ṣe lọ́dún tó kọjá. Fáànù tó ń fa èéfín lókè ààrò máa ń pariwo gan-an, síbẹ̀ omi máa ń ṣàn lára fèrèsé bí a bá ń se nǹkan, ọ̀rá sì ti bo orí kọ́bọ́ọ̀dù. Ṣé fáànù náà ni kò lágbára tó?

Òǹkàwé yín

ÌDÁHÙN

Ó ṣeé ṣe kí fáànù yín má ní ọ̀nà síta rárá. Ẹ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lókè rẹ̀, kí ẹ wò ó bóyá páìpù kan jáde láti orí rẹ̀, kí ẹ sì lọ sí ẹ̀yìn ilé láti wá ẹnu páìpù náà lára ògiri tàbí lórí òrùlé. Bí kò bá sí, ẹ̀rọ yín kàn ń fa afẹ́fẹ́ gba inú àsẹ́ èédú tó wà nínú rẹ̀ kọjá, ó sì ń tú u padà sínú ilé. Èédú náà lè dín òórùn kù, ṣùgbọ́n kò lè mú oru omi, òun ni ẹ sì ń rí lára fèrèsé.

Bí páìpù bá wà, ẹ wo bí ó ṣe rí. Páìpù rọ́bà tó rọ̀, tó ní ìṣẹ́po púpọ̀, tàbí tó kéré ju ẹnu fáànù lọ, máa ń dá afẹ́fẹ́ dúró, ariwo tí ẹ sì ń gbọ́ ni bí fáànù ṣe ń bá a jà. Irin dídán, tó kúrú, tó sì tọ́ bí ó bá ti lè ṣeé ṣe tó, ni ó dára. Ẹ máa yọ àwọ̀n irin tó ń gba ọ̀rá, kí ẹ fi omi gbígbóná àti ọṣẹ fọ̀ ọ́ déédéé. Ẹ wọn gíga rẹ̀ náà: lókè ààrò gáàsì, sẹ̀ǹtímítà 65 sí 75 ni ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe é máa ń kọ sínú ìwé rẹ̀, kí fífẹ̀ rẹ̀ má sì dín sí ti ààrò. Bí ẹ bá wá rí i pé inú àjà ni páìpù náà parí sí, tí kò dé ìta, ẹ pa fáànù náà títí wọn yóò fi gbé ẹnu rẹ̀ jáde, nítorí ọ̀rá tó ń kó jọ sórí igi òrùlé lè gbiná.